Ọkà Tí Wọn Ò Jẹ

Ẹ má bínú, ẹnu mi mú. Bí Màámi ṣe bí mi nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa da erùpẹ̀ ibi tí àwọn ará ìgbàanì ti gbé rí sínú omi. Èédú á léfòó, màá fi asẹ́ kó o, màá wá jókòó ti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, màá máa ṣa hóró kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa kì í rí ìdọ̀tí kó má ní ká fọ̀ ọ́. Ẹ-Fọ̀-Ọ́ la ń pè é lẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti fọ ìdajì ọkà tó jóná sínú ìkòkò kan, ìkòkò ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún, tí wọ́n fi amọ̀ lẹ ẹnu ẹ̀ pa. Nínú ààrò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èèpo igi àti gbòǹgbò ìgbẹ́ nìkan la rí.

"Àwọn wọ̀nyí ò mọ oko dídá," ni Ọ̀gá wí. "Ohun tí igbó bá fún wọn ni wọ́n ń ṣa jẹ, títí kan ọkà yìí. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ lónìí nìyẹn."

Màámi bá wọlé, wọ́n gbé oúnjẹ tí mo gbàgbé sílé wá. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan sì wà láàárín wa tí kò tíì tán nínú mi. Lọ́dún tí òjò kọ̀, tí a ń se ewé igbó jẹ, igbá ọkà kan wà lókè àjà tí wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn. Mo sunkún títí ohùn mi há. Ọgbọ̀n ọdún rèé, ó ṣì ń dùn mí.

Wọ́n tìka bọ ìdajì tí mi ò tíì fọ̀.

"Eérú rèé."

"Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ kúrò ni, Mà."

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀! Irúgbìn nìyí. Èmi náà ń po eérú mọ́ tèmi kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́."

"Ilé ló jóná, Màmá," ni Ọ̀gá wí. "Eérú ò lè ṣàìsí."

"Tí wọ́n ti fi amọ̀ dé e? Ibo ló gbà wọlé? Ẹ wò ó, kò sí hóró tín-ín-rín kan níbẹ̀. Ẹnìkan ló jókòó ṣà á."

Èmi tí mo jókòó látàárọ̀ ò rí i, Màámi tó wà ní ìdúró rí i! Mo sáré bojú wo inú awò. Tí ọkà ìgbẹ́ bá gbó, á jábọ́ fúnra ẹ̀, ìdí ẹ̀ á dán. Ìdí gbogbo èyí ló ya. Ọkà oko nìyí, tí kì í jábọ́ àfi kéèyàn lù ú jáde. Háà!

"Ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́ o," ni Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́.

Àgbẹ̀ làwọn ará ìgbàanì yẹn lóòótọ́. Ebi sì ń pa wọ́n. Èèpo igi ni wọ́n ń jẹ, ìkòkò ọkà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnìkan ò ṣí i. Ó dá mi lójú pé ọmọ kan sunkún nídìí ìkòkò yẹn, ìyá ẹ̀ ní rárá. Mo kúnlẹ̀ síwájú Màámi.

Wọn ò wojú mi. Wọ́n rọra da hóró tó wà lọ́wọ́ wọn padà.

"Àwọn yìí ò rí tiwọn gbìn," ni wọ́n wí. Wọ́n wá gbé ọwọ́ tó kún fún eérú lé mi lórí. "Èmi rí tèmi gbìn."