Dókítà Tí Kò Búra

Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná, kí n tó sọ nǹkan kan. Èmi Àlàkẹ́, ìyá Olúkúnlé, ní Fìdítì níbí, ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ ojú ara mi ni mo fi ń wo ohun tí mò ń kọ yìí.

Ó tó ọdún méjì tí nǹkan funfun fi bo ojú mi méjèèjì bí ìkùukùu ọyẹ́. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló kù, àti òjìji ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Inú ìkùukùu yẹn ni mo wà tí Mobọ́lá, ọmọ Olúkúnlé, fi bí Ìyìn. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ ọmọ náà: imú rẹ̀ rèé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rèé. Wọ́n ní ó jọ ìyá mi. Mo ní kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí n fojú rí i kí n tó lọ.

Lọ́jọ́ kan, Olúkúnlé gbé ìgò oògùn kan dé láti Ìlọrà.

"Màmá, ẹni tó ń tà á búra nínú mọ́tò! Ó ní ọjọ́ méje lojú yín máa là, kò sí àní-àní."

Mobọ́lá ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí dókítà ojú."

La bá lọ. Dókítà Olúwafúnkẹ́ ni wọ́n ń pè é, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tó ń ṣamọ̀nà orin ní Sọ́ńdè-sukúù. Ó tan iná sí mi lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Màmá, iṣẹ́ abẹ ló máa yọ ọ́. Ojú ọ̀tún la máa kọ́kọ́ ṣe. Bí ẹni mẹ́wàá bíi tiyín bá wá, mẹ́sàn-án á ríran dáadáa."

"Ẹni kẹwàá ńkọ́?"

"Ó lè má rí ju báyìí lọ. Ó tiẹ̀ lè pàdánù díẹ̀ tó kù."

"Ṣé kì í ṣe èmi ni ẹni kẹwàá?"

"Mi ò mọ̀, màmá. Mo ti yẹ ohun gbogbo wò, mi ò rí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra fún yín."

Olúkúnlé fò dìde. "Irú dókítà wo ni kò mọ̀? Ẹni inú mọ́tò mọ̀!"

Mo ní, "Jókòó jàre. Ìwọ náà ni wọ́n búra fún lọ́jà tó o fi ra bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì wálé."

Ọkọ mi ló sọ sí mi lọ́kàn, Adégòkè. Adẹ́mu ni, bí àwọn díákónì wa ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ (wọ́n kúkú ń mu ún). Ní ogójì ọdún, kò sí àárọ̀ tí kò ní tẹ igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ wò, kó sì fi ara rọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀ kó tó gùn. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣebí igbà àná náà ni?" Á ní, "Àlàkẹ́, àná ló gbé mi. Òní ò tíì sọ̀rọ̀." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní igbà tòun dá òun lójú. Orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́. Orí ibùsùn wa ni Adégòkè kú sí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi.

Mo wá ọwọ́ dókítà kàn. Mo ní, "Ọmọ mi, ìwọ ń yẹ igbà wò. Ojú mi rèé."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, bí wọ́n ṣe ń tì mí wọlé, orin bọ́ sí mi lẹ́nu:

*Mẹ́sàn-án ń lọ, mo wà láàárín wọn,*
*Ẹni kẹwàá, mo di ọwọ́ rẹ mú;*
*Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, kò burú,*
*Ọmọ ń bẹ nílé tí ọwọ́ mi mọ̀.*

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ má mi orí mọ́!" Òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí aṣọ tí wọ́n fi di ojú ọ̀tún mi. Mobọ́lá gbé ọmọ súnmọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi! Kò jọ ìyá mi rárá! Etí Adégòkè ló wà lórí ẹ̀, gbàgàdà méjèèjì. Àìmọye ìgbà lọ́wọ́ mi ti kọjá lára etí yẹn, kò sọ fún mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, Ìyìn ń fa gèlè mi.

Olúkúnlé pariwo, "Dókítà, ó ti dájú wàyí! Ti òsì náà á là!"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rí ẹ̀rín náà.

"Dádì, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni."

Àfi bíi pé Adégòkè ló lanu. Mo ní, "Dá ọjọ́ fún mi, ọmọ mi. Màá wá."