Ọkọ̀ Tí Olúyẹmí Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Gbàdúrà Sí

Bí Olúyẹmí bá ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ kékeré sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wọn ní Marshalltown, ní Johannesburg, iṣẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọlé. Á kọ́kọ́ yípo ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń wo táyà, á sì máa fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pa láti inú, wéré wéré, bí ẹni tó ń jí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá rìn sẹ́yìn díẹ̀, yóò tún kọ́là ṣe, yóò na rìmóòtù sí ọkọ̀ náà, yóò sì fi ètè dún un: "Fín-fín."

Rìmóòtù ọ̀hún kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí. Ti ọkọ̀ ńlá tó ti tà ni. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ kò ní rìmóòtù. Kò ní rédíò. Ike pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi dí ojú ibi tí rédíò ì bá wà. Kò ní amúlétutù. Gíláàsì rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i sókè sódò. Irú ọkọ̀ yìí kan náà wà tó ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí, àmọ́ èyí ni oríṣi tó kéré jù nínú wọn, tí wọ́n ti bọ́ gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò lára rẹ̀, tó fi ku ẹ́ńjìnnì, táyà àti ìjókòó. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé, Fèyíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: Bí-Wọ́n-Ṣe-Bí-I.

Fèyíkẹ́ ló ní kí wọ́n rà á. Olùkọ́ ìṣirò ni ní yunifásítì, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Bàbá Tẹjú, ọkọ̀ ńlá yẹn ti di aláìsàn sí wa lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká ra èyí tó máa gbé wa dé ibi tí à ń lọ. Àbí rédíò ló ń gbé èèyàn dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Troyeville?"

Olúyẹmí gbà pé òótọ́ ni. Oníṣirò owó ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Bí oníbàárà bá wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tí òun náà máa sọ fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó ń fún oníbàárà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a lára òun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ra ìdérí oníke tó ń dán bíi fàdákà sí táyà. Ó ti wá lẹ́tà wúrà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn oríṣi tó wọ́n jù, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiẹ̀, ó wọ́ díẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìjókòó láti ilé iṣẹ́, kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí aṣọ ìjókòó tó rí gbágungbàgun má baà hàn. Bí oòrùn bá mú, tí wọ́n dúró níbi róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, kó tó yí sí àwọ̀ ewé, Tẹjú, ọmọ wọn ọmọ ọdún mọ́kànlá, á máa já itan rẹ̀ kúrò lára ọ̀rá náà.

"Eish, Dádì." Lẹ́yìn náà ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bíi páálí bisikíìtì ni ọkọ̀ àwọn ń dún.

"Tuntun ló ń dún bẹ́ẹ̀," ni bàbá rẹ̀ fi dá a lóhùn.

Olúdáre, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń gun jíìpù tó ga bí àjà, ni ó kọ́kọ́ pè é. "Ṣíámáànù, mo gbọ́ pé ẹ ti ra tuntun. Ṣé èyí tó pé lẹ rà?"

"Ó pé," ni Olúyẹmí wí. Kò kúkú purọ́. Kò sí táyà kan tó dín.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Troyeville, ọkọ̀ tuntun kì í pẹ́ lóde kí wọ́n tó gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ á jáde sí àgbàlá. Pásítọ̀ á wọlé sídìí sítiárìn, á ṣí gbogbo gíláàsì kí àdúrà lè dé gbogbo kọ̀rọ̀, á wọ́n omi, á fọn fèrè, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì pín mínírà. Olúyẹmí mọ̀ pé ibi tí Pásítọ̀ bá ti ń wá bọ́tìnnì gíláàsì ni àṣírí máa ti tú. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ kan, ó ní ìwé ọkọ̀ kò tíì jáde. Lọ́sẹ̀ kejì, orí ń fọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní Bertrams, àdúgbò tó wà nítòsí, á wá fẹsẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, á máa nu òógùn, á ní dókítà ló ní kí òun máa ṣe eré ìdárayá.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Fèyíkẹ́ ti ìpàdé àwọn obìnrin dé, kò sì jókòó.

"Bàbá Tẹjú, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọkọ̀ yín?"

Olúyẹmí yára yíjú sí i. "Wọ́n ti mọ̀?"

"Wọ́n ní owó tí ẹ fi rà á ni kò mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sá fún àdúrà."

Olúyẹmí wá ìjókòó. Ní ìlú tí wọ́n ti máa ń wo ọmọ Nàìjíríà tọ́kọ̀ rẹ̀ bá dán jù ní ìwòkuwò, orúkọ tó mọ́ ni ohun kan ṣoṣo tí kò tíì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni wọ́n fẹ́ yan akápò ìjọ. Òun ni Pásítọ̀ ti fọwọ́ sí.

"Pásítọ̀ ti sọ fún Ìyá Ìjọ pé kí àwọn ṣì dúró ná," ni Fèyíkẹ́ fi kún un.

"Èmi? Olè?" Ó bọ́ sí èdè Èkìtì, èyí tí kì í sọ àfi tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún wọ egungun. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní, "Tí mo bá gbé e lọ, wọ́n á rí i."

"Wọ́n á rí kí ni?"

"Pé kò ní nǹkan kan lára."

"Kí wọ́n pè yín ní olè, tàbí kí wọ́n rí i pé ẹ ń fọwọ́ yí gíláàsì. Ẹ mú ọ̀kan."

Olúyẹmí rò ó. Ká sọ òótọ́, ó rò ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ọkọ̀ náà wọ àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù Olúdáre. Lẹ́yìn ìsìn, ìjọ yí i ká. Pásítọ̀ Àánúolúwapọ̀ wọlé, ó jókòó lórí ọ̀rá, ọ̀rá dún. Ó fọwọ́ pa ara ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa àárín, ó tẹ ike tó dí ojú rédíò.

"Bùrọ̀dá Yẹmí, ibo lẹ máa ń tẹ̀ kí gíláàsì tó ṣí?"

Gbogbo àgbàlá na ọrùn.

"A kì í tẹ̀ ẹ́, sà," ni Olúyẹmí wí. "A máa ń yí i."

Ìyá Ìjọ, Màmá Damaris, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láti wo bó ṣe rí. Ó rí ọwọ́ kékeré lára ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Gíláàsì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dún kíì, kíì. Màmá dúró. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

"Olúyẹmí."

"Mà."

"Ṣé nítorí ọwọ́ yìí lo ṣe ń sá fún àdúrà látọjọ́ yìí?"

Olúyẹmí wo rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ojú ló ń tì mí, mà."

Màmá yọ orí síta lójú gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹ wá wo owó tí kò mọ́. Ẹ sún mọ́ ibí. Ṣé ẹni tó kó owó olówó jẹ ló máa ra ọkọ̀ tí kò ní rédíò?"

Ẹ̀rín gba àgbàlá. Abíọ́nà, aṣáájú akọrin, ní, "Màmá, bó bá jẹ́ olè ni, a jẹ́ pé olè tó ń ṣọ́wó ná ni."

Olúyẹmí fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ó dà bíi pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì kúrò lórí rẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó sì bẹ Ọlọ́run kí gíláàsì náà má ṣe há. Lẹ́yìn àmín, ó ní, "Bùrọ̀dá Yẹmí, ẹ múra sílẹ̀ láti gba àpò ìjọ. Ẹni tó lè fara da oòrùn Johannesburg láìní amúlétutù kò ní fi owó ìjọ ra jíìpù."

Àwọn kan wo Olúdáre. Olúdáre ń wo òkè bí ẹni tó ń wá òjò. Nígbà tí àwọn èèyàn kọjú sí mínírà, ó yọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúyẹmí, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bèèrè oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.

"Ṣíámáànù, ṣé kì í mu epo?"

"Ó ń mu ún, àmọ́ kì í mu àmuyó."

"Ibo lẹ ti rà á?"

Fèyíkẹ́ ti ń ya ọ̀rá kúrò lórí ìjókòó ní tiẹ̀, Tẹjú ń bá a fà á. Nígbà tí wọ́n fà á tán, Olúyẹmí na rìmóòtù sókè bí ìṣe rẹ̀. Ó rí i pé gbogbo wọn ń wo òun. Ó fi rìmóòtù lé Tẹjú lọ́wọ́ pé kó fi ṣeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípo ọkọ̀ náà, ó ń ti ilẹ̀kùn pa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Bó ṣe ti ti ìkẹyìn pa, Ìyá Ìjọ gbé ìgò mínírà kúrò lẹ́nu, ó ṣu ètè pọ̀.

"Fín-fín."