Ìlà Kẹrin Nínú Ohùn Ìyá Ìdáyátù

3.

…ó sì ti pa á rẹ́ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

4.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tò ó dáadáa. Ìdáyátù ń ránṣọ ní Kubwa. Àbúrò rẹ̀, Àbdùlsàmàd, ń ṣe sọ́fítíwia ní Idu. Iṣẹ́ sọ́fítíwia yẹn ni pé ó máa ń tú ohùn sí ìlà wẹ́wẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Kíbọ́ọ̀dù orin á wá to àwọn ìlà náà padà léra, ohùn á jáde. Fèrè ni wọ́n fi ń dán an wò níbi iṣẹ́. Àbdùlsàmàd ní òun á fi ohùn màmá àwọn dán an wò.

Màmá kú ní 2016. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù: fóìsì nóòtì tó fi ránṣẹ́ sí bàbá wọn ní Abaji. Fóònù bàbá ti sọnù sínú bọ́ọ̀sì. Kọ̀ǹpútà Àbdùlsàmàd nìkan ló kù tí ohùn náà wà.

5. OHUN TÍ MÀMÁ SỌ (SẸ́KỌ́ŃDÙ MỌ́KÀNLÁ)

"Bàbá Ìdáyátù, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mu gàrí o. Mo ní, ṣé ẹ ti jẹun?"

        (lẹ́yìn rẹ̀: ariwo jẹnẹrétọ̀, jẹ́ẹ̀nì ilé)

6.

Kò sí mẹ́fà. Àbí mo ti kà á mọ́ márùn-ún.

7. WHATSAPP, FÚRÁÌDÉ, ÀÁRỌ̀

ÀBDÙLSÀMÀD: Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀. Mo ti yọ ariwo jẹ́ẹ̀nì kúrò nínú ohùn màmá. Ó mọ́ kedere!
ÌDÁYÁTÙ: Ta ló rán ẹ?
ÌDÁYÁTÙ: Mo ti gbọ́ ọ. Ó dà bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ẹni tí ò mọ̀ wá rí.
ÀBDÙLSÀMÀD: Ìlà mẹ́rin ni jẹ́ẹ̀nì gbà. Mo pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́.
ÀBDÙLSÀMÀD: Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo rí i pé màmá náà wà lórí ìkẹrin.
ÌDÁYÁTÙ: Dá a padà.
ÀBDÙLSÀMÀD: Mo ti pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Mo rò pé àwọn ìlà tó kù ti tó.
ÌDÁYÁTÙ: Àbdùlsàmàd.
ÌDÁYÁTÙ: Ìwọ lo pe bàbá pé kó wá gbọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀la ló ń bọ̀.

8. OHUN TÍ ÌDÁYÁTÙ ṢE KÍ BÀBÁ TÓ DÉ

Ó rán apá òsì mọ́ ọ̀tún lára bùbá oníbàárà.
Ó gbọ́ ohùn yẹn nígbà ogójì.
Ó fẹ́ pe bàbá pé kó má wá.
Kò pè é.

9. SÁTIDÉ, Ọ̀SÁN. INÁ WÀ.

Bàbá bọ́ bàtà. Ó tún fìlà dé. Bí ẹni tó fẹ́ kírun. Àbdùlsàmàd tẹ ohùn náà.

BÀBÁ: Ta nìyẹn?
ÀBDÙLSÀMÀD: Màmá ni, sà.
BÀBÁ: Kai! Ìyá tìẹ nìyẹn o. Ìyàwó tèmi kọ́.
(Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.)
BÀBÁ: Jẹ́ẹ̀nì rẹ̀ dà?
ÌDÁYÁTÙ: Iná wà, bàbá.
BÀBÁ: Mo ní ẹ tan jẹ́ẹ̀nì.

10.

Jẹ́ẹ̀nì ayé màmá náà ṣì ni. Àbdùlsàmàd fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé gbọ̀n. Ó sáré wọlé, ó tún ohùn náà tẹ̀.

Bàbá dijú.

"Mi ò tíì jẹun," ó ní. "Láti àárọ̀."

Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀.

Wọ́n tún un tẹ̀.

11.

Ìdáyátù jáde lọ ṣí ìdérí táǹkì jẹ́ẹ̀nì. Ó yọjú wo epo.

12.

Epo tó kù kò ju ìka kan lọ.