Káàdì Tí Gbogbo Ayé Tọ́jú

Àpótí méjìlélógójì ni Delmar Pruitt kó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Káàdì béésìbọ́ọ̀lù, èyí tí àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀ táwọn èèyàn ń kó jọ, ló kún inú wọn, kò sì tíì ṣí ìkankan rí láti 1989 tó ti rà wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wà ní yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Dayton. Kò jẹ́ kí omi kán sí wọn, kò jẹ́ kí eku fojú kàn wọ́n. Lẹ́tà ló ń pín kiri kó tó fẹ̀yìn tì, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù lára owó oṣù ló ń fi rà wọ́n.

"Wanda, èyí la ó fi jẹun lọ́jọ́ alẹ́," ló máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ alẹ́ dé. Wanda kò mọ balùwẹ̀ yàtọ̀ sí ilé ìdáná mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣí gáàsì sílẹ̀ láì ṣáná sí i. Dókítà ní kí wọ́n mú un lọ sílé ìtọ́jú àwọn àgbà, apá Delmar kò sì ká owó ibẹ̀.

Nígbà tó wakọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra káàdì, tí wọ́n sì ń tà á, Gus Hlavaty tó ni ín jáde wá pàdé rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ já a sílẹ̀."

"O ò tiẹ̀ tíì yẹ̀ ẹ́ wò! Wọn ò ṣí i rí o."

"Kò dìgbà tí mo bá ṣí i. Bí ìwé ìròyìn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dún náà, gbogbo ayé ló sì ń tọ́jú tiẹ̀ bí ẹyin. Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì kẹrin tó kó irú ẹ̀ wá lóṣù yìí."

"Èló lo máa san?"

"Dọ́là mẹ́ta lórí àpótí kan. Ojú yín ni mo sì ń wò, torí mi ò ríbi kó o sí."

Delmar kọjá lára rẹ̀. Ó wọlé, ó lọ dúró nídìí àpótí onígíláàsì. Káàdì agbábọ́ọ̀lù kan, Lefty Brannock, wà níbẹ̀, ti ọdún 1953, igun rẹ̀ kan ti ká. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là ni iye tí wọ́n kọ sí i. Bàbá Delmar ti ní irú ẹ̀ méjì rí, pẹ̀lú ọgbọ̀n mìíràn nínú páálí bàtà. Delmar fúnra rẹ̀ ló ta gbogbo ẹ̀ ní irínwó dọ́là, lọ́dún 1989, kó lè fi kún owó àwọn tuntun tó ń dán.

"Àwọn ọmọdé ìgbà yẹn ń fi irú káàdì yẹn há wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kó lè máa pariwo," Gus ní. "Àwọn ìyá wọn sì ń dà á nù. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́n."

"Tí mo bá ní kí n fi tèmi tọrẹ ńkọ́?"

"Ọmọ mi ò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá."

Bó ṣe kó o lọ náà ló kó o padà. Nígbà tó délé, aládùúgbò tó ń bá a wo Wanda dìde, ó lọ. Wanda jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó wọ kóòtù sódì.

"Delmar, ṣé wọ́n ti ra káàdì wa?"

Ó yà á lẹ́nu pé ó rántí.

"Wọ́n ní ká ní sùúrù díẹ̀ sí i."

"Mo ṣáà sọ bẹ́ẹ̀!" Wanda rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́.

Delmar bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpótí padà sísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe. Nígbà tó gbé àpótí kọkànlá, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé e lé itan.

"Ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn?" Wanda pariwo látòkè, ẹ̀rù wà lóhùn rẹ̀. "Ta ni?"

"Èmi ni, Wanda," ó ní. Ṣùgbọ́n kò tíì lè dìde.