Àfọ́kù Igbá Rọ́fíàt

Láti òwúrọ̀ ni ọkàn Rọ́fíàt kò ti balẹ̀. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún máa wá ibi tí yóò jókòó sí. Àfọ́kù igbá tó fi ń yan gàrí ló dì mú lọ́wọ́ títí dé kíláàsì àwọn àgbà nílùú Ilobi, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbé e wá.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ ni. Ẹni tó bá kùnà, ó padà sí kíláàsì àkọ́kọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Túnbọ̀sún, ìyàwó ọmọ Rọ́fíàt, ni tíṣà ibẹ̀. Ta ni yóò máa nawọ́ sókè fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ kó tó lọ tọ̀?

Ọ̀gbẹ́ni Caleb, olùdánwò láti Ayétòrò, pe orúkọ rẹ̀. Rọ́fíàt kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ lo 'pick up' fún wa ní ìtumọ̀ mẹ́rin, kódà bó jẹ́ inú ọ̀rọ̀ Yorùbá."

Ó dìde. Ohun tó mọ̀ lánàá bí orúkọ ọmọ rẹ̀ ti pòórá. Túnbọ̀sún sì rèé lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wò ó.

"Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Nílé ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Kòkúmọ́, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, dáhùn láti ẹ̀yìn, "Ṣé ká bá yín lọ gbé e wá ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nílé ni lóòótọ́. Ìdí agbada ló ti fi orin kọ́ ọ. Bí ọwọ́ bá ń yí gàrí, ẹnu á máa yí èdè. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí igbá.

"Ẹ jẹ́ kí n lóṣòó."

"Ẹ lóṣòó kẹ̀, Màmá?"

"A kì í nàró yan gàrí."

Ó lóṣòó, ó ń fi igbá ha ilẹ̀, orin sì jáde:

"Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi, mo pick up ẹ̀ nílẹ̀, yí i o;
Mọ́tò Ọjà-Ọ̀dàn dé, ó wá pick up mi nílé, yí i o;
Faransé Ìdí-Ìrókò, ẹnu oníbàárà ni mo ti pick up ẹ̀, yí i o…"

Ó há. Ìkẹrin kò wá. Igbá ń yára, àfi bí ẹni tí gàrí fẹ́ jóná mọ́ lọ́wọ́. Ẹnìkan rọra gbè é lẹ́nu ọ̀nà: "Yí i o, yí i o." Túnbọ̀sún ni. Gbogbo kíláàsì gbà á.

"Gàrí ò tà lóṣù tó lọ, ọjà ti pick up báyìí, yí i o!"

Caleb kọ̀wé, ó gbójú sókè.

"Ẹ yege, Màmá. Ẹ má gbàgbé igbá yín lọ́jọ́ ìdánwò tó ń bọ̀."

Túnbọ̀sún wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i. Rọ́fíàt fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀.

Ó na ọwọ́ sókè sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Wá fà mí dìde, tíṣà."