Ìró Odó Láti Ìlódè

1.

…nítorí iṣu a máa gba ìyà jẹ fún odó. Bí iṣu bá wà nínú odó, ìró rẹ̀ a máa wúwo: gbì, gbì, gbì. Bó bá ti ń di iyán, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Ṣùgbọ́n bí odó bá ṣófo, igi ló ń bá igi jà. Kó. Kó. Kó. Kò ní yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Odó Ìyá Túnbọ̀sún, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, kì í yí ohùn padà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gún iyán tí kò sí.

(Ìdajì ìkejì lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ nìyí. Ìdajì àkọ́kọ́ dá lórí òjò àti àgbàdo sísun. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára.)

2.

Ẹni tó kọ ọ́: Fúnlọ́lá. Èmi ni.

Ibi tó ti kọ ọ́: ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Ilé-Ifẹ̀, ọdún 1998.

Ẹni tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà: kò sí. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí ni, àti sùúrù.

Ẹni tó ní odó: opó kan ní agboolé wa ní Ìlódè. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún wọn. Ó wà ní Houston.

3.

ÌKÉDE
(ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́)

A Ń TẸ ÌWÉ.
A Ń FI LẸ́TÀ RÁNṢẸ́ SÓKÈ ÒKUN LÓRÍ KỌ̀ǸPÚTÀ.
BÍ KÒ BÁ SÍ INÁ, Ẹ DÚRÓ.
BÍ INÁ BÁ WÀ TÍ TẸLIFÓÒNÙ KÒ WỌLÉ, Ẹ DÚRÓ.
Ẹ MÁ FI ỌWỌ́ EPO KAN BỌ́TÌNNÌ.

4.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. O kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà á tò síbi ìdúró nínú ẹ̀rọ, bí èrò ní gáréèjì. Bí tẹlifóònù bá wọlé, módẹ́ẹ̀mù, àpótí tó so ẹ̀rọ mọ́ okùn tẹlifóònù, á súfèé, á ta ṣàà bí epo gbígbóná tí wọ́n da ata sí, gbogbo lẹ́tà á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn ju orin lọ.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Àgbàlá. Ọmọ Ifẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi ni wọ́n. Bí o bá kọ lẹ́tà kan sí Àgbàlá, gbogbo wọn ló máa rí i. Lẹ́tà kan, ojú púpọ̀. Mo lè ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń pín in, ṣùgbọ́n mo ti ń fi ìyẹn sá fún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà wa kò mọ àmì ohùn. Bírò ni mo fi dá a padà sórí gbogbo ohun tí ẹ ń kà yìí.

5.

Àwọn ohun tí mo ti fi ránṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ odó tó dé:

ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó sì jókòó gbọ́ ìwàásù;

òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ balẹ̀;

ìjà Hàjàrá, tí a jọ ń gbé agboolé, tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, pẹ̀lú ọkùnrin tó pe àlùbọ́sà rẹ̀ ní ẹyin àparò;

àsè kan tí mo sè tó jóná, àti ìdí tó fi jóná.

Wọ́n á ní: Fúnlọ́lá, àárò ilé ń sọ wá. Kọ sí i.

Mo ń kọ sí i.

6.

LÁTI: Sùmáyà (London)
Háà, Fúnlọ́lá! Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti kà á, mo sì gbọ́ odó náà. Mo sunkún débi pé òyìnbó kan nawọ́ áńkáṣífù sí mi. Kọ sí i, jọ̀ọ́.

LÁTI: Solomon (Toronto), akọ̀wé Àgbàlá
A ò lè ka irú èyí tán ká wá fọwọ́ lẹ́rán. Ìyá gbogbo wa ni. Àgbàlá máa ṣe nǹkan.

LÁTI: Ọlátúnbọ̀sún (Houston)
(kò kọ nǹkan kan sí Àgbàlá, kì í kọ̀wé síbẹ̀, ó kàn ń kà ni)

7.

Mo fi orúkọ Ìyá pamọ́. Mo ṣọ́ra gan-an. A kì í pe àgbà lórúkọ, áḿbọ̀sìbọ́sí ká kọ ọ́ síwájú ayé.

Ìyá Túnbọ̀sún ni mo kọ.

8.

LÁTI: Ọlátúnbọ̀sún (Houston)
SÍ: Fúnlọ́lá nìkan

Àǹtí Fúnlọ́lá, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá mi kọ̀wé sí mi pé iyán làwọn ń jẹ ní alaalẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Èmi náà kọ̀wé sí wọn pé mo wà ní ọ́fíìsì. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo wà, páálí ni mò ń gbé. À ń purọ́ fún ara wa, ọkàn àwa méjèèjì sì balẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọmọ Ifẹ̀ ibẹ̀ á dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ìyá mọ̀ pé mo kà á.

9.

Fúnlọ́lá ka lẹ́tà náà. Fúnlọ́lá pa ẹ̀rọ. Fúnlọ́lá tún tan ẹ̀rọ, ó wò ó bóyá ẹlòmíràn ti yìn ín.

(Ó rọrùn fún mi láti pè é ní Fúnlọ́lá níbí.)

10.

Bí Ìyá bá mọ̀ ọ́n tẹ̀, bóyá báyìí ni wọn ìbá kọ ọ́:

Yàrá tó bá dákẹ́ nírọ̀lẹ́ a máa sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn á ní, kí ló dé lọ́dọ̀ Ìyá? Mò ń gún odó kí wọ́n má baà béèrè. Ẹni tó bá béèrè á fún mi. Ẹni tó bá fún mi á máa rántí pé òun fún mi.

N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. N kò bi wọ́n rí. Mo kàn mọ̀ ọ́n kọ ni.

11.

ÀWÒRÁN, tí Àgbàlá fi sójú ewé wọn lórí kọ̀ǹpútà.

Láti apá òsì: àpò ìrẹsì. Òkìtì iṣu. Àbúrò Solomon nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó di igun kan pátákó mú: ÀGBÀLÁ RÁNTÍ ÌYÁ. Ìyá di igun kejì mú. Ẹnìkan ló fi sí wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ kejì wọn ń wá ibi tí ìró wọn ti tú. Lẹ́yìn wọn: àwọn ará ilé, àti Hàjàrá tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èmi kò sí nínú rẹ̀. Èmi ni mo yà á. Èmi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ki fíìmù bọ kámẹ́rà náà.

12.

OHUN TÁ A SỌ LỌ́JỌ́ NÁÀ

ÌYÁ: Ẹ ǹlẹ́ o. Ta lẹ gbé ẹrù wá fún?

ÀBÚRÒ SOLOMON: Ẹ̀yin ni, mà. Àwọn ọmọ yín lókè òkun gbọ́ pé òfìfo odó lẹ̀ ń gún.

(Àwọn ará ilé yọjú láti yàrá wọn.)

ÌYÁ: Ta ló gbọ́?

ÀBÚRÒ SOLOMON: Gbogbo ayé, mà! London gbọ́.

OBÌNRIN KAN NÍDÌÍ KÀNGA: Ẹ ẹ̀ rí i! Mo ní iyán wo rèé tí kì í run ọbẹ̀!

(Ẹ̀rín.)

ÌYÁ: Ṣé mo wá di ẹni tí wọ́n ń ṣe sàárà fún ni?

FÚNLỌ́LÁ: Ìyá, ẹ wo apá ibí. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

13.

Mo gbìyànjú láti fi ìlà tó kẹ́yìn yẹn sẹ́nu ẹlòmíràn. Kò gbà.

14.

ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́ KEJÌ, NÍ Ọ̀DẸ̀DẸ̀

ÌYÁ: Hàjàrá, ìwọ nìkan lò ń wọ yàrá mi.

HÀJÀRÁ: Ìyá…

ÌYÁ: Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé kò síṣu níbẹ̀. Mo fi ọ́ ṣọmọ. Má gbé abọ́ rẹ wọ ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láéláé.

HÀJÀRÁ: Mo ti gbọ́, Ìyá. Ẹ má bínú.

ÌYÁ: O ò tiẹ̀ jiyàn!

HÀJÀRÁ: Kí ni n ó máa bá ìyá mi jiyàn sí?

Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lẹ́nu mi. Ẹni tí búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀.

Mo lè yọ ọ́.

15.

Àpò ìrẹsì ń bẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá kò tú u. Okùn ẹnu rẹ̀ wà bí wọ́n ṣe rán an. Wọ́n ní kí ẹni tó bá wù kó gbé iṣu. Iṣu ti tán. Àpò ìrẹsì nìkan ni kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn lójú wọn, kòkòrò sì ti ń jáde láti abẹ́ rẹ̀. Bí Ìyá bá ń kọjá, wọ́n á kó ìró wọn mọ́ra kó má baà kàn án.

Wọn kò gún odó mọ́. Wọn kò dáná. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn.

Kí Àgbàlá tó fún Ìyá lóúnjẹ, wọ́n ń jẹun.

16.

Kí Ìyá tó sunkún lọ́jọ́ àwòrán, wọ́n kọ́kọ́ tún gèlè wọn wé. Mo rí i. Orí mi sì ti ń to ọ̀rọ̀: *wọ́n tún gèlè wọn wé bí ẹni…*

Bí ẹni kí ni? Mo ṣì ń wá a.

17.

SÁBÓ, NÍDÌÍ ÀTẸ ÀLÙBỌ́SÀ

FÚNLỌ́LÁ: Hàjàrá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ.

HÀJÀRÁ: Mo mọ̀ ọ́n.

FÚNLỌ́LÁ: Kí lo mọ̀?

HÀJÀRÁ: Ta ló ń lo kọ̀ǹpútà nínú agboolé wa? Èmi àbí ewúrẹ́?

FÚNLỌ́LÁ: Mò ń lọ sọ fún Ìyá lónìí.

HÀJÀRÁ: Sọ kí ni? Jókòó. Bó o bá sọ, wọ́n á lé ọ bí wọ́n ṣe lé mi. Wọn ò sì ní padà sọ́dọ̀ mi, ojú á tì wọ́n pé àwọn fi ẹ̀sùn kàn mí lásán. Ta ló máa wá kù tí wọ́n á gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

FÚNLỌ́LÁ: Abọ́ wo lò ń sọ gan-an?

HÀJÀRÁ: O gbọ́ ìró odó, o ò rí abọ́? Mi ò fún Ìyá lóúnjẹ rí o. Mo máa ń sè é, màá bù ú, màá ní, “Ìyá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò, iyọ̀ rẹ̀ ò yé mi.” Wọ́n á tọ́ ọ wò porongodo. Wọ́n á ní, “Iyọ̀ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n dín ata kù lọ́la.” Màá ní, “Ẹ ṣé, Ìyá.” Ta ló fún ta lóúnjẹ níbẹ̀?

FÚNLỌ́LÁ: Kò sẹ́ni.

HÀJÀRÁ: Ó yé ọ. Èmi á máa sè é. Ìwọ á máa gbé e lọ. Inú abọ́ tìrẹ ni o. Wọ́n mọ tèmi.

FÚNLỌ́LÁ: Ìwọ wá ńkọ́? Olófòófó ni wọ́n ń pè ọ́ káàkiri Ìlódè.

HÀJÀRÁ: Wàlláhì, ó ń dùn mí. Ojoojúmọ́ ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ebi tó ń pa Ìyá ò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Gbọ́wọ́ kúrò lórí àlùbọ́sà yẹn, o ti bó o tán.

18.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fúnni á sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa á di olùkọ́. Oúnjẹ á kọjá láàárín wọn, kò sẹ́ni tó máa rí i. N kò tíì rí ẹ̀rọ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò ní wáyà kan tó hàn síta.

Ẹ̀rín ni mò ń rín bí mo ṣe ń rìn bọ̀ láti Sábó. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, n kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

19.

SÍ: Àgbàlá
ORÍ Ọ̀RỌ̀: Iyọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, obìnrin kan wà tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, tó mọ bí a ṣe ń bọ́ èèyàn láìjẹ́ pé…

(Ó gùn. Ó dára. Ó wà níbi ìdúró. N kò tíì rán an, n kò sì tíì pa á rẹ́. Tẹlifóònù ni kò wọlé láti àná. Ó wù mí kó jẹ́ pé ìdí mìíràn ni.)

20.

LÁTI: Sùmáyà (London)
Fúnlọ́lá, o dákẹ́. Ṣé àlàáfíà ni? Ìyá wo ló kàn?

21.

Mo gbé e lọ nírọ̀lẹ́. Àsáró ni. Abọ́ mi, ọwọ́ mi, ata Hàjàrá.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ kúrọ̀lẹ́ mà. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, iyọ̀ rẹ̀ ò yé mi.”

Ìyá wo abọ́ náà. Wọ́n wo ojú mi. Mo rò pé wọ́n máa lé mi. Wọ́n nawọ́ gba ṣíbí.

Wọ́n rọra jẹ ẹ́, bí ẹni tí kò kánjú. Nígbà tí wọ́n dé ìdí abọ́, wọ́n fi ṣíbí ha á.

“Iyọ̀ rẹ̀ dáa,” ni wọ́n wí. “Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé o mọ oúnjẹ ẹ́ sè, ìwọ onímáṣíìnì yìí.”

“Ẹ ṣé, Ìyá.”

“Dúró ná, kó o tó dìde. Nínú gbogbo ilé yìí, ìwọ nìkan ni ò bá wọn fi mí rẹ́rìn-ín.”

Hàjàrá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ìyá gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà fúyẹ́.

“Ọlọ́run ò ní tú àṣírí rẹ fáyé rí.”

Mo ní, “Àmín.”