Kí Ni Màmá Fẹ́ Fowó Ṣe?

"Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Gbogbo owó inú àkáǹtì náà la fẹ́ gbà. Màmá mi ò lè dúró pẹ́."

Mẹkáníìkì ló ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí epo ọkọ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì gbójú sókè. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní báǹkì lánàá gan-an ló dúró síwájú rẹ̀ yìí: àgbàlagbà tí kò sọ̀rọ̀, ọmọ tó ń gbẹnu sọ fún un, gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ká má parọ́, bísíkíìtì ni púpọ̀ nínú wọn bá lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó kọ́ wọn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Ẹ má bi àgbà bóyá ẹnì kan ń rẹ́ ẹ jẹ. Ta ló fẹ́ sọ pé ọmọ òun ń ja òun lólè? Ẹ mú un kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó bá a wá, kí ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fowó ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ panu mọ́. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ogún nínú ọkàn yín."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni akọ̀wé wí, "mo fẹ́ bá Màmá nìkan sọ̀rọ̀ ní yàrá inú."

"Nìkan kẹ̀? Ṣé mo jọ olè lójú ẹ ni? Ìyá tó bí mi!"

Gbogbo èèyàn tó tò yíjú wò wọ́n. Máníjà yọrí látinú ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ń bọ̀ lọ́la. Síbẹ̀ ó di Màmá lọ́wọ́ mú, wọ́n wọlé.

"Màmá, ẹ rọra jókòó. Owó yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Ó ti ka dé mẹ́tàdínlógún kí ètè arúgbó náà tó mì.

"Ó ní kí n má sọ."

"Ọmọ yín?"

"Ọmọ mi kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Òun gan-an ló ti ń bi mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí mi ò dá a lóhùn. Aládùúgbò wa tó máa ń bá mi ka lẹ́tà ni. Ó ka ọ̀kan tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìwé ilé mi ti bàjẹ́, àfi kí n kó gbogbo owó mi fóun kóun bá mi tún un ṣe, kí ìjọba má gbalé lọ́wọ́ mi. Ó ní tí ọmọ mi bá fi lè gbọ́, á lọ bá wọn jà, wọ́n á sì tì í mọ́lé. Ìwọ náà ò gbọ́ bó ṣe ń pariwo níta yẹn?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa akọ̀wé, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Àṣé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lòun ń fura sí.

Ó pe máníjà. Màmá yọ lẹ́tà náà nínú àpò, máníjà sì kà á. Owó omi oṣù kan péré ni iléeṣẹ́ omi ń bèèrè.

"Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ni máníjà wí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n pín fún wọn lánàá. Ó ní owó kò ní kúrò níbẹ̀, ẹjọ́ aládùúgbò náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kílẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n wá pe mẹkáníìkì wọlé. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n Màmá ti dì í lọ́wọ́ mú gírígírí.

"Màámi, nítorí èmi lẹ ṣe ń dá a pa mọ́ra?"

"Ìwọ nìkan ni mo ní."

Akọ̀wé kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni mo fura sí."

"Dìde, àbúrò mi." Ohùn ọkùnrin náà ti lọ sílẹ̀. "Ariwo lèmi fi ń bi ìyá mi. Ìwọ lo jókòó tì í. O ṣeun, o ṣeun gan-an tó o fura sí mi. Ẹlòmíì tó bá tún mú ìyá rẹ̀ wá, jọ̀ọ́, fura sí òun náà."